Ohun Tí Dókítà Sọ fún Mi Tí N Kò Sọ fún Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní ọsibítù pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín, pé ikùn yín ti tóbi jù, pé òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara yín ti ń wú nínú, ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní pólì ní Ìlaró ni mí, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí mo fọwọ́ ara mi fà.

Rìsìkátù lorúkọ mi. Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ mi kejì ni mo ti sanra, mi ò sì kà á sí nǹkan kan. Wọ́n tiẹ̀ ń yìn mí ni. Bí mo bá wọ ọ́fíìsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní, "Alhaja, ẹ ń jayé o!" Ìyá wa a máa fi mí yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní kí wọ́n wá wo bí ọkọ mi ṣe ń tọ́jú mi. Àbúrò mi kan ṣoṣo, Sìkírátù, tó ń ta ẹja yìnyín ní Ajílété, sanra bíi tèmi gẹ́lẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Ojú kan náà, ìrìn kan náà, ẹ̀rín kan náà. Àwọn tí kò mọ̀ wá dáadáa a máa pè wá ní ìbejì, inú wa a sì máa dùn.

Ìjókòó ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá ti dé ní àárọ̀, orí àga ni mo wà títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹlẹ́rìndòdò tútù méjì lójúmọ́, búrẹ́dì oníbọ́tà láàárín, èbà tó kún abọ́ bí mo bá délé. Ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ dé géètì, ọ̀kadà ló ń gbé mi bọ̀.

Ọrùn mi ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ẹ̀yìn ọrùn mi dúdú, ó nípọn, bí ẹni pé n kì í wẹ̀. Mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ títí tó fi bó, kò mọ́. Ti Sìkírá náà rí bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ pa tèmi lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìdọ̀tí ìdílé wa nìyí o." Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ dé. Láti géètì pólì dé ọ́fíìsì wa kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n bí mo bá rìn dé ìdajì ọ̀nà, ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fún bí ẹni ń fún aṣọ tó rin. Bí mo bá dúró díẹ̀, á lọ. Bí mo bá tún rìn, á tún dé. Mo wá ń dọ́gbọ́n sí i. N óò ṣe bí ẹni ń tẹ fóònù, tàbí kí n dá akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró kí n bi í ní ohun tí kò kàn mí. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì ń tọ̀ léraléra. Mo ní ọjọ́ orí ni.

Bàtà tuntun kan tí mo wọ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ló wá ha mí ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì. Egbò kékeré, kò tó èékánná. Mo fi ìpara sí i. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì, oṣù kan, kò jinná, ó sì ti ń rùn. Ọkọ mi, Bàbá Kúdí, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbé ìwé tó ń kà kalẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ní, "Rìsì, tí o kò bá lọ sí ọsibítù lọ́la, èmi fúnra mi á gbé ọ lọ."

Bí a ṣe kírun àsùbáà tán ni mo jáde. Síbẹ̀, bẹ́ńṣì ti kún. Àwọn kan ti fi sálúbàtà wọn di àyè mú, wọ́n sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì ní kí n gun òṣùwọ̀n, ó sì pariwo nọ́ńbà náà fún ẹnì kejì tó ń kọ ọ́, lójú gbogbo èèyàn. Ó tún fi téèpù bíi ti àwọn télọ̀ yí ikùn mi ká. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nídìí bẹ́ńṣì fọwọ́ bo ẹnu. Ojú tì mí débi pé mo ti fẹ́ mú báàgì mi kí n máa lọ.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò kò ju ọmọ mi lọ. Ó wo egbò náà, ó wo ẹ̀yìn ọrùn mi, ó gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ìka mi, lẹ́yìn náà ó fi ìka méjì tẹ orí ẹsẹ̀ mi, ó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Ní ti ọ̀tún, ó rí i. Ní ti òsì, ó wá a títí, kò rí i. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Màmá, ẹ má rò pé ọ̀rá inú ikùn yìí kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ó ń tú nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀ yín lójoojúmọ́, nǹkan náà sì ń da inú òpó ẹ̀jẹ̀ láàmú. Ṣé ẹ mọ ibi tí eéwo bá ti fẹ́ yọ, bó ṣe máa ń gbóná, tó máa ń wú? Bẹ́ẹ̀ ni inú òpó ẹ̀jẹ̀ yín ṣe rí báyìí. Ẹ ò kàn lè rí i ni, kì í sì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ yín tún ń dá kún un. Bó bá ti wú bẹ́ẹ̀, ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà á máa há. Ẹ̀jẹ̀ tí ì bá lọ wo egbò yín sàn kò ráyè kọjá."

Mo bi í pé, "Ṣé torí pé mo sanra nìkan ni?"

"Rárá o. Mo ń tọ́jú àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí tiwọn burú ju tiyín lọ. Ibi tí ọ̀rá náà wà àti ohun tó ń ṣe nínú ara là ń wò. Ikùn yín, ọrùn tó dúdú yìí, ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dín ikùn yìí kù díẹ̀díẹ̀, tí ẹ sì ń lo oògùn yín, wíwú náà á máa rọlẹ̀. Ṣé ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò?"

"Mo ní àbúrò kan, obìnrin."

"Ṣé ó rí bíi yín?"

"Ìbejì ni wọ́n ń pè wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó wá fún àyẹ̀wò. Kó má dúró de egbò o. Ẹsẹ̀ ni tiyín gbà yọ. Ó lè jẹ́ ọkàn tàbí ọpọlọ ni tirẹ̀ máa gbà yọ."

Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi sọ fún un, kì í ṣe kí ẹ lè gbè mí o. Ọmọ mi Kúdí ti rí ẹni tó fẹ́ fẹ́, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ sì ń bọ̀ láti Ayétòrò láti wá mọ̀ wá. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà á máa wádìí irú àìsàn tó wà nídìílé ẹni. Sìkírá kì í lè pa ọ̀rọ̀ mọ́. Tí mo bá sọ fún un láàárọ̀, ìyá wa á ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán, gbogbo ẹni tó bá ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ á sì ti gbọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó sì tún kù. Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì wa tí àtọ̀gbẹ mú, èmi Rìsìkátù yìí ni mo sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọ̀fun ló kó bá a. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbẹ́nu sókè kí n sọ pé èmi náà ní in?

Mo kó oògùn mi sínú agolo mílíìkì tó ti ṣófo, mo gbé e sẹ́yìn iyọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ mi bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Mo ní egbò náà á jinná, pé ẹ̀jẹ̀ ríru díẹ̀ ni mo ní.

Nígbà tí ìyá wa gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, kò fún mi nísinmi mọ́. Ó dé tòun ti Bọ̀dá Kàsímù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó máa ń ra ọjà ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó.

"Oògùn tí wọn kì í dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró, oògùn wo nìyẹn?" ni ìyá wa wí. "Bàbá yín kò lo oògùn òyìnbó kankan títí ó fi kú."

Bọ̀dá Kàsímù fa páálí tíì kan yọ nínú àpò náílọ́ọ̀nù. Láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé e wọlé, èdè Faransé ló wà lára páálí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè kà á nínú wa. "Èyí á fọ gbogbo rẹ̀ dànù, ọ̀rá ni o, ṣúgà ni o," ó ní. "Fi oṣù kan mu ún. O ò ní mọ ara rẹ mọ́."

Mo mu ún. Mo pa oògùn ọsibítù tì, n kò sì padà lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi. Ìgbẹ́ gbuuru ni mò ń ṣe, aṣọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí láyè, inú mi wá ń dùn. Ìgbà tó yá ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé omi ara mi ni tíì náà ń dà nù, pé ṣúgà tí kò sí ohun tó ń ká a lọ́wọ́ kò mọ́ náà wà lára ohun tó ń mú mi rù. Mo rò pé rírù ni ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe irú àṣìṣe yẹn. Òṣùwọ̀n lè sọ̀ kalẹ̀ kí inú ẹ̀jẹ̀ yín má dára sí i rárá.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Sìkírá wá kí mi. Ó gbé ẹja wá fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ̀yin nìyí? Ẹ ti fúyẹ́ o! Kí lẹ̀ ń lò?"

"Tíì kan ni."

"Ẹ bá mi wá nínú ẹ̀ o. Ara mi ń wúwo mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá gbé páálí ẹja báyìí, òòyì á máa kọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ ọ̀tún mi yìí kàn kú ni. Mi ò lè fi mú ọ̀bẹ. Ó tó bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó sọjí."

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń ju ọwọ́ náà sókè kí n lè rí i pé ó ti yá. Gbogbo ohun tí dókítà sọ ló padà sí mi létí. Mo la ẹnu. Ìgbà yẹn gan-an ni Kúdí gbé omi wọlé, Sìkírá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣe é ní yẹ̀yẹ́, ilé kún fún ẹ̀rín. Mo dìde, mo lọ mú páálí tíì méjì, mo kó wọn sínú báàgì rẹ̀.

"Máa mu ún láàárọ̀," mo ní. "Àárẹ̀ ni."

Àárẹ̀ ni. Ohun tí mo sọ fún ọmọ ìyá mi nìyẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọmọńdinrín mi dúdú bí èédú, ìka tó tẹ̀ lé e náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ibà mú mi débi pé n kò mọ ibi tí mo wà. Ọsibítù Ìlaró ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n gé ìka méjèèjì níbẹ̀. Dókítà ní tí mo bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ ni wọn ì bá gé. Ilẹ̀ tí a ní lọ́nà Jọ́gà-Orílẹ̀, tí ọkọ mi fẹ́ fi gbin kajú, lọ sínú ìtọ́jú náà.

Sìkírá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wá dúró tì mí. Ó ń fọ aṣọ mi, ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣeré, gbogbo wọ́ọ̀dù ló mọ ohùn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó jókòó sẹ́yìn mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ya irun mi kó lè dì í. Òòyà bọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ó yọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

"Sìkírá, òòyà ti bọ́."

Kò dáhùn. Ara rẹ̀ kàn fì lé mi lẹ́yìn, ó wúwo, ó ń tẹ̀ mí síwájú. Mo fi agbára káká yíjú padà, mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan. Ojú rẹ̀ ń wò mí, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo pariwo títí àwọn nọ́ọ̀sì fi sáré dé.

Rọpárọsẹ̀ ni. Pé ó wà nínú ọsibítù nígbà tó ṣẹlẹ̀ ló jẹ́ kó yè. Ṣúgà rẹ̀ ga ju tèmi lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò sì fìgbà kankan yẹ ara rẹ̀ wò rí. Dókítà àgbà kan wá síbi bẹ́ẹ̀dì mi níbi tí ìyá wa àti ọkọ mi dúró sí, ó bi wá bóyá àmì kankan ti hàn sí i tẹ́lẹ̀.

"Rárá," ni ìyá wa wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ara ọmọ mi le koko."

N kò lè gbé e mì mọ́. Mo ní, "Ọwọ́ rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá. Ó sọ fún mi." Gbogbo wọn yíjú sí mi. "Wọ́n sì ti sọ fún mi ní Ìlaró pé kí n mú un wá. Mo mọ̀ pé ó lè ṣe é."

Ọkọ mi wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó sì jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá wa kò sunkún mọ́. Ó kàn ń wí pé, "Rìsì, o mọ̀? O mọ̀, Rìsì?"

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Sìkírá tó lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún un, pé èmi ni n óò sọ ọ́. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ òsì mú, mo sì sọ ohun gbogbo, títí kan ti tíì. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ náà, ó ń wá a, kó tó jáde.

"Ẹ̀... gbọ́n. Nítorí... Kúdí?"

"Nítorí Kúdí. Àti nítorí ojú tì mí."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó sì kọjú sí ògiri.

Fún oṣù mẹ́ta, n kò rí i. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé fóònù, á ní, "Ó ń sinmi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣe sùúrù." Láàárín ìgbà yẹn ni àwọn ará Ayétòrò dé. Bàbá ọkọ Kúdí rí ẹsẹ̀ mi tí wọ́n dì, ó bi mí léèrè, mo sì là á mọ́lẹ̀ fún un, torí kò sí ohun tí mo tún fẹ́ pa mọ́. Bàbá náà ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa páálí oògùn kan yọ. "Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí èmi ti ń lo tèmi," ó ní. "Gbogbo ọmọ mi ni mo ti kó lọ fún àyẹ̀wò." Mo tọrọ gáfárà, mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ohun tí mo torí rẹ̀ dákẹ́ kò tiẹ̀ sí níbẹ̀.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Ìka mẹ́jọ ni mo fi ń rìn. Oògùn mi wà lórí tábìlì ìjẹun níbi tí ẹni tó bá wọlé á ti rí i. Mo ti dẹ́kun ẹlẹ́rìndòdò, ẹ̀fọ́ pọ̀ lábọ́ mi ju èbà lọ, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ikùn mi ń fà díẹ̀díẹ̀, kò yára bíi ti ayé tíì, ṣùgbọ́n ṣúgà mi ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, dókítà ní òpó ẹ̀jẹ̀ mi kò gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ̀rù ṣì ń bà mí tí mo bá ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo máa ń wò ó lójoojúmọ́.

Sìkírá kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe nǹkan kan. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń ta ẹja. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta náà, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pè mí. Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bi í. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ sí Ajílété kí a lè jọ rìn, bí wọ́n ṣe ní ká máa ṣe. Òun ń fi ọ̀pá rìn, èmi ń tiro.

Ní Sátidé tó kọjá, a kọjá níwájú ilé obìnrin kan tó ń yan gààrí. Ó sanra bí a ṣe sanra nígbà kan. Ó kí wa, ó ní ẹ kú ìrìn o, pé òun náà ì bá máa bá wa rìn, ẹsẹ̀ ni kì í jẹ́ kí òun rìn jìnnà, tí òun bá ti rìn díẹ̀, á máa fún òun.

Èmi ń bá ọ̀nà mi lọ. Sìkírá ló dúró. Ó yíjú sí obìnrin náà, ó fi ọ̀pá gúnlẹ̀, òógùn bò ó lójú bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ náà.

"Lọ... yẹ... ara... ara..."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Obìnrin náà wo èmi lójú, ó ń dúró kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo padà lọ bá wọn, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi, mo sì sọ ọ́ pé kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò ní ọsibítù.